Jíjá ọmọ eku lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò: ohun tó ń ṣe sí ààbò ara àti sí aràn (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Àwọn tó ń tọ́jú eku funfun ní ilé ẹran yunifásítì àti àwọn tó ń sin ọ̀yà la kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. Níbi tí a bá ti sọ pé ẹ̀lírí, ẹ̀lírí funfun inú àgò, Mus musculus, la ní lọ́kàn. Èkúté ni èyí tó tóbi, Rattus norvegicus. A ya ọ̀yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń bí i yàtọ̀ gan-an.

Ọjọ́ mélòó ni a lè pè ní "ṣáájú àkókò"?

Fún ẹ̀lírí àti èkúté, ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹran ń lò. Ọmọ tí a bá já lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ 14 sí 17, a ti já a ṣáájú àkókò láìsí àríyànjiyàn. Ọjọ́ 18 sí 20 ṣì yá jù fún ọmọ tó kéré, ó sì lè má ṣe ọmọ tó sanra ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣe é. Ẹ̀lírí tó ti tó jíjá máa ń wọn gíráàmù 8 sí 12. Èkúté a máa wọn 35 sí 50. Ọmọ ẹ̀lírí tó bá pé ọjọ́ 21 tí kò tó gíráàmù 8, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí di ọjọ́ 24, àní títí di 28. Irú ẹ̀lírí tí wọ́n ti ń gùn mọ́ra láàárín ẹbí kan fún ọ̀pọ̀ ìran, bíi C57BL/6, ló sábà máa ń nílò àfikún ọjọ́ yìí.

Kí ló wà nínú ọmú tí oúnjẹ gbígbẹ kò lè fún ọmọ?

Àkọ́kọ́ ni àńtíbọ́dì ìyá, èròjà ara tó ń gbógun ti àrùn, oríṣi méjì tí iṣẹ́ wọn kò jọra. Èyí tí à ń pè ní IgA kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Inú ìfun ló ń jókòó sí, ó ń bo ara àwọn kòkòrò àìfojúrí kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun. Ọmọ ẹ̀lírí kì í ṣe IgA tirẹ̀ tó nǹkan kí ó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni IgA ìyá dópin nínú ìfun yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí.

Èkejì ni IgG, èyí tó ń la ògiri ìfun kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì ìfun ọmọ, FcRn ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà a sì máa ti bí ọmọ ṣe ń súnmọ́ ọjọ́ 21. Ọmọ tí a já ní ọjọ́ 15 ti pàdánù ọjọ́ bíi mélòó kan tí ilẹ̀kùn yẹn ì bá ṣì wà ní ṣíṣí. Nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 8 ni ìdajì IgG inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀lírí fi ń tán, nítorí náà ọmọ tó wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin pẹ̀lú ìwọ̀n díẹ̀ yóò tètè dé òfo.

Yàtọ̀ sí àńtíbọ́dì, sẹ́ẹ̀lì ìyá tó wà láàyè wà nínú ọmú, àti èròjà ìdàgbàsókè tí à ń pè ní EGF. A óò dé orí méjèèjì.

Ṣé kì í ṣe inú oyún ni ọmọ ti ń gba ààbò?

Ó ń gba díẹ̀ níbẹ̀. Fún ẹ̀lírí àti èkúté, inú ọmú ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Guinea pig ló yàtọ̀: kí wọ́n tó bí i ni IgG ìyá ti wọ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ka àbájáde orí ẹranko kan kí ẹ sì gbé e lé òmíràn lórí. Ohun tó bá ẹ̀lírí jẹ́ lọ́jọ́ 15 lè má ba guinea pig jẹ́ rárá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun ní ọ̀sẹ̀ kẹta gan-an?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ sí i.

Láti nǹkan bí ọjọ́ 15 sí 17 ni ọmọ ẹ̀lírí ti ń ré oúnjẹ jẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì tún ń mu ọmú. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni agbára dída ṣúgà wàrà ń lọ sílẹ̀ nínú ìfun, tí agbára dída ṣúgà oúnjẹ ọkà sì ń gòkè. Omi kíkan inú ikùn, tó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò kí ó tó dé ìfun, kò tíì le bíi ti àgbà. Oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí tuntun ń bá oúnjẹ wọlé. Tí ọmú bá ṣì wà, IgA ìyá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bí àwọn àlejò wọ̀nyí ṣe ń dé, ara ọmọ sì ń fi ara balẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ Institut Pasteur ní Paris fi hàn pé ara ẹ̀lírí máa ń ta kìjí sí kòkòrò ìfun lákòókò tí ó ń kúrò lẹ́nu ọmú, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin. Ìtakìjí yìí ló ń kọ́ ààbò ara. Nígbà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò dí i lọ́wọ́ lákòókò yẹn, àwọn ẹran náà dàgbà tán, wọ́n sì wá di ẹni tí ìfun rẹ̀ tètè ń wú, tí ara rẹ̀ sì tètè ń bínú sí ohun tí kò yẹ kó bínú sí. Ẹ̀kọ́ yẹn ní àkókò. Tó bá kọjá, a kì í rí i kọ́ mọ́.

EGF inú ọmú wà lára ohun tó ń darí àkókò náà. Ó pọ̀ nínú ọmú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ó bá ṣe ń dín kù ni àwọn ojú ihò kéékèèké lára ìfun ń ṣí kí sẹ́ẹ̀lì ààbò lè tọ́ àwọn kòkòrò inú ìfun wò. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Washington University ní St. Louis fi hàn pé láti nǹkan bí ọjọ́ 11 títí di ìgbà jíjá ni wọ́n ń ṣí nínú ìfun ńlá ẹ̀lírí, lẹ́yìn náà wọ́n a padà ti. Ẹni tó bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ lójijì láàárín àkókò yìí ti da ètò náà rú.

Aràn àti kòkòrò wo ló ń kọ́kọ́ kọlu ọmọ tí a já yá jù?

Nínú ilé ẹran, aràn abẹ́rẹ́ ló wọ́pọ̀ jù, oríṣi méjì sì ni. Syphacia obvelata ń yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí. Láàárín wákàtí mélòó kan péré ẹyin náà ti lè wọ ẹran mìíràn, yípo ayé rẹ̀ kò sì ju ọjọ́ 11 sí 15 lọ. Ti Aspiculuris tetraptera, ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹyin tirẹ̀ nílò nǹkan bí ọjọ́ 6 kí ó tó lè ranni, yípo rẹ̀ sì ń gba ọjọ́ 23 sí 25. Ìyàtọ̀ yìí wúlò gan-an fún ẹni tó ń fọ àgò: pípààrọ̀ èérún igi abẹ́ ẹran ní gbogbo ọjọ́ 5 lè já okùn Aspiculuris, kò sì ní mú nǹkan kan kúrò lára Syphacia. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmú ló máa ń ní Syphacia jù. Àgbà a máa dín in kù fúnra rẹ̀.

Spironucleus muris, kòkòrò ìfun kan tí kò ṣeé fi ojú lásán rí, máa ń ṣọṣẹ́ jù lára ẹ̀lírí ọ̀sẹ̀ 3 sí 6: ikùn á wú, ìgbẹ́ á rọ̀, irun á ta ṣáṣá, ọmọ á sì dẹ́kun sísanra. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ kékeré, Hymenolepis nana, náà fẹ́ràn ọjọ́ orí yìí, ó sì ń ran ènìyàn, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Ti aràn Nippostrongylus brasiliensis tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí lára èkúté fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí hàn kedere. Àgbà èkúté a bẹ̀rẹ̀ sí í lé aràn yìí jáde láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tó wọlé. Ọmọ èkúté kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aràn náà á pẹ́ lára rẹ̀, ẹyin á sì máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọjọ́ púpọ̀. Tí ẹ bá wá gba ọmú lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lákòókò tí kò tíì lè gbèjà ara rẹ̀, ẹ ti bọ́ ẹ̀wù àyálò lára rẹ̀ kí tirẹ̀ tó délé.

Ṣé òótọ́ ni pé ìyá tó ti ní aràn rí lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀?

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní University of Cape Town, tó jáde ní ọdún 2019, fi Nippostrongylus sí abo ẹ̀lírí lára kí ó tó lóyún. Ìyá náà lé aràn jáde tán kó tó gbọlẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tó mu ọmú rẹ̀ gba ààbò tó pẹ́ lára, kì í sì í ṣe àńtíbọ́dì nìkan ló fà á: sẹ́ẹ̀lì ààbò ìyá tó bá ọmú wọ ara ọmọ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmú ni, tí kì í ṣe oyún, ni kí wọ́n pààrọ̀ ọmọ láàárín ìyá méjì kété lẹ́yìn ìbí. Ọmọ ìyá tí kò ní aràn rí á mu ọmú ìyá tó ti ní in; tí ààbò bá hàn lára rẹ̀, ibi tó ti wá ti yé wa.

Yàtọ̀ sí ọmú, kí ni ọmọ tún ń pàdánù?

Ìgbóná ìyá, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Ẹ̀lírí fẹ́ràn ibi tó gbóná tó nǹkan bí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ tutù fún un. Ọmọ ọjọ́ 15 tó wà láìsí ìyá ń fi oúnjẹ díẹ̀ tó jẹ jó ooru, kò sì ní ṣẹ́kù tí yóò fi kọ́ sẹ́ẹ̀lì ààbò. Họ́mọ̀nù ìdààmú, corticosterone, á gòkè; tó bá pẹ́, ẹ̀yà ara tí sẹ́ẹ̀lì ààbò tí à ń pè ní T ti ń kọ́ṣẹ́, thymus, á sún kì.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Ackerman, Hofer àti Weiner já èkúté lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ 15. Nígbà tí wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 30, egbò inú ikùn pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tí wọ́n já lásìkò lọ. Ohun tí wọ́n rí nídìí rẹ̀ ni pé agbára dídi ìgbóná ara mú ti bàjẹ́ lára àwọn tí wọ́n já yá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura títí ìyà fi dé. Ọmọ tó ń jẹun, tó ń sáré, lè dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Púrọ́tíìnì náà wà níbẹ̀. Ara tó fẹ́ lé aràn nílò púrọ́tíìnì púpọ̀: àwọn ẹ̀lírí tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí púrọ́tíìnì rẹ̀ kò ju ìdá 3 nínú 100 lọ kì í lè lé aràn ìfun Heligmosomoides jáde bíi àwọn tó ń jẹ ìdá 24. Ọmọ tí a já yá, tí kò lè rún oúnjẹ líle, wà nínú ipò ebi yẹn láìjẹ́ pé oúnjẹ wọ́n nínú àgò.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń yára já wọn nígbà náà?

Abo ẹ̀lírí a máa gba akọ láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tó bímọ. Oyún rẹ̀ ń gba ọjọ́ 19 sí 21, ó sì lè fi ọjọ́ díẹ̀ lé e tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyẹn ni pé ọmọ kejì ń bọ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ pé ọjọ́ 21, ẹni tó ń tọ́jú wọn á sì já àwọn àkọ́kọ́ kí wọ́n má baà tẹ àbúrò wọn pa. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ yọ akọ kúrò kí abo tó bí. Ẹ óò rí ọjọ́ 7 sí i fún ọmọ tó bá kéré láìsí ìfòyà.

Ẹ sọ bí a ṣe lè já wọn dáadáa, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Láti ọjọ́ 15, ẹ rẹ oúnjẹ pélẹ́ẹ̀tì sínú omi mímọ́ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fi sínú àwo tí kò ga lórí ilẹ̀ àgò. Nínú ooru tiwa, kí ó má pẹ́ ju wákàtí 6 lọ kó tó di dídànù. Tó bá kan, ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀lé e. Ẹ sọ ẹnu ìgò omi kalẹ̀ kí ọmọ tó kéré jù lè dé e. Ọmọ púpọ̀ ló ń kú lẹ́yìn jíjá nítorí òǹgbẹ, tí wọ́n á sì di ẹ̀bi ru aràn.

Ẹ wọn wọ́n ní ọjọ́ 18 àti ọjọ́ 21. Àwọn tó tó ni kí ẹ já. Ìyá ni kí ẹ gbé kúrò fún ọjọ́ kan tàbí méjì bí àyè bá wà, kí ọmọ ṣì wà nínú àgò tí wọ́n mọ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín wọn ní akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, mẹ́ta sí márùn-ún nínú àgò kan. Ọ̀kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá wà. Ẹ mú díẹ̀ nínú ìtẹ́ àtijọ́ lọ sí àgò tuntun, kí ẹ sì fi gíráàmù 8 sí 10 bébà yíya tàbí òwú tó mọ́ kún un fún ìgbóná. Tí ìtẹ́ yẹn bá ti ní Syphacia, ẹ má gbé e lọ o.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má yí oúnjẹ padà, ẹ má kó wọn rìnrìn àjò, ẹ má gé etí fún àmì, ẹ má fún wọn ní oògùn aràn, bí kò bá jẹ́ dandan. Àpapọ̀ wọn lọ́jọ́ kan ló ń pa ọmọ, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wọn wọ́n lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dídúró lójú kan lọ́jọ́ kìíní kò ní láárí. Tí ìwọ̀n bá lọ sílẹ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ìyá bí ọmú bá ṣì wà.

Ìyá kú nígbà tí ọmọ wà ní ọjọ́ 8. Ṣé a lè fún wọn ní wàrà màlúù?

Ẹ wá alágbàtọ́ ná. Wàrà màlúù kò sún mọ́ ti eku: ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 nígbà tí ti èkúté tó 15, púrọ́tíìnì rẹ̀ jẹ́ 3 sí ti èkúté tó tó 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ṣúgà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Àńtíbọ́dì eku kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ wá ìyá tí ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ kò fi ju ọjọ́ méjì lọ yàtọ̀ sí ti ọmọ ìyá tó kú, ìbáà jù ú tàbí kó kéré sí i. Ẹ gbé e kúrò nínú àgò, ẹ da ọmọ tuntun pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nínú ìtẹ́ rẹ̀, ẹ bò wọ́n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí òórùn wọn lè dọ́gba, kí ẹ tó dá a padà. Lára ọmọ tí irun kò tíì bò, ẹ óò rí funfun wàrà nínú ikùn láti ìta. Tí kò bá hàn lọ́jọ́ kejì, kò gbà wọ́n.

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé aràn wà, oògùn wo la sì lè lò?

Fún Syphacia, ẹ tẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí ẹ wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹyin rẹ̀ rí gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Sẹ́lótéèpù kò lè fi Aspiculuris hàn. Fún ìyẹn, ẹ da gíráàmù 3 ìgbẹ́ tútù sínú mìlílítà 50 omi iyọ̀ tó ti kún débi tí iyọ̀ kò yòrò mọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹyin lè léfòó.

Oògùn tó wọ́pọ̀ nínú ilé ẹran ni fenbendazole nínú oúnjẹ, mìlígíráàmù 150 sí kílógíráàmù oúnjẹ kan, ọ̀sẹ̀ kan jíjẹ, ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún ivermectin lára ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú: ó ń gba inú ọmú, ọpọlọ ọmọ tuntun kò sì tíì ní ògiri tí yóò dí i lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín ṣírò rẹ̀.

Ọ̀yà ńkọ́?

Oyún ọ̀yà ń gba nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irun àti ojú tó là, ó lè sáré lọ́jọ́ náà, kò sì pẹ́ tí á fi máa ré koríko jẹ. Ìyẹn ló ń tan àwọn àgbẹ̀ jẹ. Jíjẹ koríko kò túmọ̀ sí pé kò nílò ọmú mọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin ọ̀yà nínú àgò pẹ̀lú àjọṣe Jámánì láti àwọn ọdún 1980, àti lọ́dọ̀ wa náà, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n ń já a. Tiwa ni pé kí ọmọ tó kéré nínú ìbí kan lo ọ̀sẹ̀ 6 náà pé.

Kokisídíà, kòkòrò ìfun kan tí kò ṣeé fi ojú lásán rí, ni ẹ máa bẹ̀rù jù. Ẹyin rẹ̀ nílò afẹ́fẹ́, omi àti ọjọ́ 1 sí 3 kó tó lè ranni, nítorí náà gbígbá ìgbẹ́ lójoojúmọ́ àti ilẹ̀ gbígbẹ ju oògùn lọ. Ẹ sá eèsún tó tutù fún ìri sí òòrùn díẹ̀ kí ẹ tó fún wọn. Ẹ má gé e níbi tí ẹran mìíràn ti ń yàgbẹ́. Ẹ fi kúlíkúlí lílọ̀ tàbí èérí àlìkámà kún koríko kí púrọ́tíìnì má baà dínkù lọ́sẹ̀ jíjá. Ọ̀yà tún ń jẹ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, ohun tó dára fún un ni. Àgò tó dọ̀tí ló ń sọ ọ́ di ọ̀nà aràn.

Ṣé jíjá yá kì í ṣoore nígbà kankan?

Ó lè ṣoore nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ bá jẹ́ orísun aràn. Ìyá tí Syphacia kún ara rẹ̀ ń da ẹyin sórí ọmọ lójoojúmọ́, bó sì ṣe ń pẹ́ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ń kó sí i. Ìyá tí ọmú rẹ̀ ti gbẹ náà kò ní nǹkan láti fún ọmọ mọ́. Àwọn kòkòrò kan sì wà tí ewu wọn pọ̀ ṣáájú jíjá: Cryptosporidium parvum a máa mú ọmọ ẹ̀lírí tó ṣì ń mu ọmú, ó sì ṣòro kó mú èyí tó ti dàgbà. Nínú ti Syphacia, ó sàn kí ẹ tọ́jú ìyá kó tó lóyún ju kí ẹ sá ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo ń fi ẹ̀lírí ṣe ìwádìí. Kí ni kí n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀?

Ọjọ́ jíjá gan-an àti ìwọ̀n ọmọ lọ́jọ́ náà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye ọmọ tó wà nínú ìbí. Bóyá ìyá lóyún mìíràn nígbà tó ń fún wọn lọ́mú. Bóyá ìyá ti ní aràn rí. Ẹgbẹ́ méjì tí a já ní ọjọ́ 19 àti ọjọ́ 22 lè fún yín ní iye aràn tó yàtọ̀ láìjẹ́ pé oògùn yín ṣe nǹkan kan. Ẹ pín ọmọ ìbí kan náà sínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kí ẹ má fi odindi ìbí kan ṣe ẹgbẹ́ kan. Ẹran tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n já a, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó fi aràn kankan sí i lára.